Fi Ọ̀pá Lé Mi Lọ́wọ́: Eré Rílè fún Ẹni Tó Ń Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Ẹlòmíràn

Ibi tí iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́ ni ibi tó ti ń kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Oorun ti ń kun ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, ẹni tó ń wọlé kò tíì gbé báàgì kalẹ̀, ohun tí èkíní mọ̀ bá a lọ sílé. Bí ẹ bá ń wá eré tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ní Abẹ́òkúta yóò jọ ṣe, rílè, eré ìje tí ẹni mẹ́rin ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn, ló dára jù fún àìsàn yìí. Bọ́ọ̀lù dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá yóò kàn máa wòran ni.

Ẹ wá pápá tó tẹ́jú, ti ilé ìwé, tàbí pápá MKO Abíọ́lá ní Kútọ̀ bí wọ́n bá gbà yín láàyè. Ní Abẹ́òkúta olókè, ẹ má fojú kékeré wo títẹ́jú yìí: ẹni tó ń sáré sọ̀kalẹ̀ kò ní ráyè ọwọ́ rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́fà ààbọ̀, kí oòrùn tó mú. Ọ̀pá ìdíje máa ń gùn ní sẹ̀ǹtímítà 28 sí 30. Ẹ gé páìpù omi ní 30, kí ẹ fi sáńpépà ha ẹnu rẹ̀ kó má baà ya yín lọ́wọ́.

Ẹni mẹ́rin ní ẹgbẹ́ kan, kí kálukú sá mítà 50. Ẹ da awakọ̀, akọ̀wé owó, agbálẹ̀ àti ọ̀gá pọ̀. Kí ọ̀gá má ṣe ẹni ìkẹyìn o. Ipò kejì tàbí ìkẹta, níbi tó ti ní láti gbà kó sì tún fi fúnni, ló yẹ ẹ́. Ẹ fi eérú fa ilà méjì tó jìnnà síra ní mítà 20: àárín wọn ni ọ̀pá ti gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọwọ́. Ẹni tó fẹ́ gbà á yóò dúró sórí ilà àkọ́kọ́, yóò ka ẹsẹ̀ 15 sẹ́yìn, yóò sì sàmì síbẹ̀. Bí ẹni tó ń bọ̀ bá ti tẹ àmì náà, kó ki eré mọ́lẹ̀ láìwẹ̀yìn. Ìgbà tó bá gbọ́ “Gbà!” ni kó na ọwọ́ sẹ́yìn. Bí ẹni tó ń bọ̀ kò bá lè bá a, ẹ dín àmì kù sí ẹsẹ̀ 12. Bí wọ́n bá ń kọlu ara wọn, ẹ sọ ọ́ di 18. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni àkọ́kọ́ fi ń mú un, èkejì òsì, ẹ̀kẹta ọ̀tún, ẹ̀kẹrin òsì. Ẹ kọ́kọ́ fi ìrìn ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí ẹ tó sáré.

Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó ń gbé ọ̀pá bọ̀ kọ́kọ́ sá mítà 200 títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Ní tèyí, ẹni tó ń gbà gbọ́dọ̀ yíjú sẹ́yìn, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ mú ọ̀pá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nínú rílè 4×400, èyí tí Falilat Ogunkoya, ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba fàdákà ní Atlanta lọ́dún 1996. Ẹni tó ti rẹ̀ kò ní agbára láti wá ọwọ́ yín kiri.

Kí olùdarí wá sọ fún ẹnìkan ní bòókẹ́lẹ́ pé kó ju ọ̀pá sílẹ̀. Òfin eré ni pé ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò mú un, ìje náà kò sì tíì parí. Ohun tí àwọn yòókù lè pariwo kò ju ibi tó yí sí lọ: “Apá òsì!” “Ta ló jù ú?” di èèwọ̀ títí ìje yóò fi tán.

Ní Mọ́ńdé, ẹ gbé e lọ síbi iṣẹ́. Ká ní iṣẹ́ àdìrẹ ní Ìtòkú ni: àmì ẹsẹ̀ 15 di ìṣẹ́jú 15 kí ẹni àárọ̀ tó lọ. “Gbà!” di ọ̀rọ̀ mẹ́ta: aṣọ mélòó ló wà nínú aró, ìgbà mélòó ni wọ́n ti rì í, èwo ni ẹ̀kọ tí wọ́n fi ya ọnà sára rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ẹni tó ń gbà yóò tún un sọ látẹnu ara rẹ̀. “Ó ti yé mi” kò tó. Bí kò bá lè tún un sọ, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, kó má tíì gbé báàgì.