Rélùwéè inú ọgbà tó ń yẹ̀ ṣáá: bí a ṣe ń wá ibi tó ti ń ṣe é, àti bí a ṣe ń tún un ṣe

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní rélùwéè kékeré tó ń sáré yí ọgbà yín ká, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Tí wágọ́ọ̀nù bá yẹ̀ kúrò lójú irin, ohun tí gbogbo èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á sáré gbé e, wọ́n á tò ó padà, wọ́n á tún taná sí i, ó tún yẹ̀, wọ́n tún gbé e. Mo ti dúró ti àwọn èèyàn nínú ọgbà wọn nílùú ọba níbí tí wọ́n fi gbogbo ọ̀sán Sátidé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbé wágọ́ọ̀nù, tílẹ̀ fi ṣú, tí wọn ò sì tíì mọ ohun tó ń mú un yẹ̀. Àtúnṣe ẹ̀ ò le o. Wíwá ibi tó ti ń ṣe é gan-an niṣẹ́.

Èyí tí mò ń sọ níbí ni ti ojú irin tí àárín irin méjèèjì fẹ̀ ní mìlímítà 45, ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní G, tí ilé iṣẹ́ LGB gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1968, àti ti mìlímítà 32 táwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn dáadáa. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń to irin pọ̀ o, ọmọdé gan-an lè tò ó, ìwé inú páálí á kọ́ yín nìyẹn.

Ohun àkọ́kọ́: tó bá ti yẹ̀, ẹ paná, kẹ́ ẹ má fọwọ́ kan wágọ́ọ̀nù yẹn. Ẹ wá ṣọ́ọ̀kì. Ṣọ́ọ̀kì ni irinṣẹ́ tí mi ò lè ṣe láìní, ó máa ń wà lápò mi. Ẹ má sàmì síbi tí wágọ́ọ̀nù ṣubú sí, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ kọ́ ló ti yẹ̀. Ó lè ti bọ́ sílẹ̀ ní mítà méjì sẹ́yìn, kó máa gba orí àwọn pákó ike tó dábùú abẹ́ irin bọ̀ tatata títí tó fi dé kọ̀nà tàbí pọ́ìntì, ìyẹn ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì, kó tó dojú dé. Ẹ tẹ̀ lé ipa tí ẹsẹ̀ ẹ̀, ìyẹn táyà ẹ̀, họ sára ike yẹn padà sẹ́yìn, ibi tí ipa náà ti bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sí. Ẹ tún fi ṣọ́ọ̀kì kan ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ bọ́.

Ẹ wá tò ó padà, ẹ jẹ́ kó sáré, ẹ máa wò ó. Tó bá jẹ́ ojú kan náà ni oríṣiríṣi wágọ́ọ̀nù ti ń yẹ̀, ojú irin lẹjọ́. Tó bá jẹ́ wágọ́ọ̀nù kan náà ló ń yẹ̀ níbi gbogbo, ẹsẹ̀ ẹ̀ lẹ máa yẹ̀ wò. Tó bá jẹ́ wágọ́ọ̀nù kan náà lójú kan náà ńkọ́? Ẹ yí wágọ́ọ̀nù yẹn padà kí iwájú di ẹ̀yìn, ẹ tún jẹ́ kí ọkọ̀ náà gba òdìkejì wá, tí kò bá yẹ̀ mọ́, àwọn méjèèjì ló ní àbùkù díẹ̀díẹ̀ tó wá pàdé ara wọn, àmọ́ ojú irin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe. Èmi ojú irin ni mo máa ń kọ́kọ́ fura sí nígbà gbogbo.

Ibi tó kàn yìí ni kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i táwọn èèyàn ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Wọ́n á gbé lẹ́fẹ́lì lé irin, wọ́n á wo gígùn ẹ̀, ó dọ́gba, wọ́n á ní ojú irin àwọn tẹ́jú, pé wágọ́ọ̀nù ni kò dáa, wọ́n á lọ ra òmíì. Gígùn kọ́ ni wàhálà o. Rélùwéè lè gòkè díẹ̀ kó sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì ṣáà ti lágbára tó máa fi fà á. Ìbú ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ gbé lẹ́fẹ́lì kékeré dábùú irin méjèèjì, kẹ́ ẹ wò ó bóyá irin ọ̀tún àti irin òsì ga bákan náà. Tí ẹ̀gbẹ́ kan bá rẹlẹ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀nà dé òpin ẹ̀, kò burú tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú ni kí irin ọ̀tún rẹlẹ̀ níbí, kó tún wá jẹ́ irin òsì ló rẹlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan síwájú. Ojú irin ti lọ́ nìyẹn, ojú lásán ò sì lè rí i.

Ìdí tó fi ń yẹ̀ rèé. Wágọ́ọ̀nù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí kò ní sípíríǹgì, ara ẹ̀ gan paali, kò lè bá irin lọ́. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù, àmọ́ mẹ́rin ni ti wágọ́ọ̀nù, tí mẹ́ta bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ìkẹrin á wà lókè. Etí ẹsẹ̀ tó sì yẹ kó di irin mú kì í ju mìlímítà méjì sí mẹ́ta lọ, tó bá wá jẹ́ pé ẹnu kọ̀nà lẹsẹ̀ yẹn wà nígbà tó gbéra sókè, ó gun orí irin nìyẹn, ó sì bọ́ sódìkejì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé wágọ́ọ̀nù kékeré ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ń yẹ̀ níbi tí kóòṣì gígùn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kọjá láìmira, torí ẹsẹ̀ mẹ́jọ yẹn pín sí mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n sì ń yí fúnra wọn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kẹ́ ẹ gé pépà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé wágọ́ọ̀nù yẹn sójú àmì ṣọ́ọ̀kì, kẹ́ ẹ máa ki pépà bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ tí pépà bá gba abẹ́ ẹ̀ kọjá wọ̀ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ yẹn ò kan irin. Àwọn kan ra irinṣẹ́ olówó gọbọi fún èyí, ẹ má dá wọn lóhùn, pépà rìsíìtì ọjà ti tó.

Nísinsìnyí àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki òkúta bọ abẹ́ ojú kan ṣoṣo tó rẹlẹ̀ yẹn kẹ́ ẹ wá máa lọ. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ihò yẹn á di òkìtì, ọkọ̀ á wá máa yẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́ kan síwájú, wọ́n á tún ki òkúta bọ ibẹ̀ náà, kí wọ́n tó mọ̀ irin ti rí wágawàga. Díẹ̀díẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa gbé e, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ibi tó rẹlẹ̀ títí kọjá iwájú ẹ̀, kí ó rọra gòkè. Tó bá jẹ́ orí kọnkéré tàbí pákó ni irin yín wà, káàdì báǹkì tó ti kú lèmi máa ń gé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sábẹ́ ẹ̀. Gbogbo káàdì báǹkì nípọn bákan náà, mìlímítà 0.76, nítorí náà ẹ mọ iye tẹ́ ẹ fi kún un, kì í sì í jẹrà bí igi áísíkírìmù táwọn kan ń lò. Tó bá jẹ́ orí òkúta wẹ́wẹ́ ni, ẹ tú òkúta náà, ẹ gbé irin díẹ̀, ẹ fi igi pẹlẹbẹ gún òkúta wọ abẹ́ ẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ wọ́n omi sí i kó jókòó, ẹ tún fi pépà yẹn wò ó. Ẹ má sáré.

Òkúta yẹn ńkọ́, ẹ má ra rógódó tó ń dán yẹn. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ yíyí ló ń yí, kò lè di irin mú. Èyí tí wọ́n fọ́, tó ní igun, ni kẹ́ ẹ lò. Tí ti ṣọ́ọ̀bù rélùwéè bá wọ́n jù, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ ra òkúta wẹ́wẹ́ tí adìyẹ ń gbé mì, àpò kan á ṣe iṣẹ́ púpọ̀, ẹ ṣáà má gba èyí tí wọ́n fi ìkarahun ṣe. Ẹni tó bá sì to irin tiẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, kó mọ̀ pé lọ́dọọdún tí òtútù bá ti lọ ló máa tún un ṣe, torí omi inú ilẹ̀ á di yìnyín, ilẹ̀ á wú, á gbé irin, tó bá yọ́ tán kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ síbi tó ti gbé e. Ẹ gbé e sórí búlọ́ọ̀kù tàbí pákó ike, ẹ bọ́ nínú ìyẹn.

Ẹ ò gbọdọ̀ fi síkírúù dè é pinpin mọ́lẹ̀ o. Irin idẹ máa ń gùn tí oòrùn bá mú un. Tí ìyàtọ̀ òwúrọ̀ àti ọ̀sán bá tó 30 dígírì, irin tó gùn ní mítà 10 á fi nǹkan bíi mìlímítà 6 gùn sí i, tí kò bá wá ríbi lọ, ńṣe ló máa tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ níbi ìsopọ̀, kí síkírúù náà sì dẹ̀ tó tí irin fi lè sún. Ẹni tó bá to irin lọ́jọ́ òtútù ni kó fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀.

Tó bá wá jẹ́ wágọ́ọ̀nù lẹjọ́, kò gba àkókò. Ẹ fi kálípà wọn àárín ẹsẹ̀ méjèèjì láti inú: ti irin mìlímítà 45 yẹ kó jẹ́ bíi 40, ti mìlímítà 32 yẹ kó jẹ́ 28. Tó bá fún jù tàbí tó fẹ̀ jù, ẹ fọwọ́ yí i kó sún. Ẹ wò ó bóyá ẹsẹ̀ ń yí geere, bóyá irun tàbí koríko wé mọ́ àárín ẹ̀. Wágọ́ọ̀nù ike fúyẹ́ jù, ẹ fi ẹsẹ̀ irin pààrọ̀ ẹsẹ̀ ike tí owó bá wà, tí kò bá sí, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe táyà mọ́tò, ẹ bẹ̀ wọ́n fún irin kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ rímù kí táyà má baà gbọ̀n, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ wágọ́ọ̀nù, abẹ́ o, kì í ṣe òkè.

Ní ti pọ́ìntì: búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tí kò wúlò mọ́ ni kẹ́ ẹ fi máa gbá a kẹ́ ẹ tó taná rárá. Òkúta kan ṣoṣo tó há sáàárín abẹ irin tó ń sún yẹn àti irin tó yẹ kó fara tì ti tó, ẹsẹ̀ iwájú á lọ sọ́tùn-ún, tẹ̀yìn á lọ sósì. Àwọn ẹyẹ tó ń wá ekòló ló ń da òkúta yẹn síbẹ̀, bẹ́ ẹ gbá a lánàá ẹ tún gbá a lónìí. Ìgbín náà, ẹ wò ó dáadáa, ó fẹ́ràn irin tútù lóròòwúrọ̀, tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá sì tẹ̀ ẹ́, irin á yọ̀ tí ẹ́ńjìnnì á fi máa jó lójú kan.

Bẹ́ ẹ ṣe ń wa ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Kọ̀nà tó kéré jù tí LGB ń tà, R1, rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 600, wágọ́ọ̀nù kékeré á gbà á, àmọ́ ẹ má to kóòṣì gígùn mẹ́jọ kẹ́ ẹ wá ní kó gbabẹ̀. Wágọ́ọ̀nù tó wúwo ni kó wà níwájú, èyí tó fúyẹ́ lẹ́yìn, torí tó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́ ló wà láàárín, ẹ́ńjìnnì ń fà á níwájú, ẹrù ń fà á lẹ́yìn, á ṣubú sínú kọ̀nà ni. Fífi ẹ̀yìn ti ọkọ̀ gígùn gba kọ̀nà, ẹ jẹ́ ká gbà pé ẹ ò gbọ́ ọ rí. Ẹ má sì jẹ́ kí kọ̀nà ọ̀tún lẹ̀ mọ́ kọ̀nà òsì, ẹ fi irin gígùn tó tó wágọ́ọ̀nù tó gùn jù sáàárín wọn.

Àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì oníná gidi, tó ń fi ooru omi gbígbóná ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Tí húùkù bá já, tí ẹrù ẹ̀yìn kúrò, ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ ṣí fún wágọ́ọ̀nù mẹ́wàá á kàn fò lọ ni, kọ̀nà tó kàn ló máa ti dojú dé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kẹ́ ẹ tó mú un, ẹ pa gáàsì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e. Èyí tó ń lo sípírítì léwu jù, tó bá dà sílẹ̀ tó gbiná nínú oòrùn, iná ẹ̀ ṣòro láti rí, nítorí náà ẹ gbé ìgò omi tẹ́ ẹ fi ń fọ́n òdòdó sítòsí, kí àwọn ọmọdé sì dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

Kẹ́ ẹ tó mọ ihò tí ọkọ̀ máa gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, ẹ kọ́kọ́ nawọ́ yín wò. Tí ihò yẹn bá gùn ju apá yín méjèèjì láti iwájú àti láti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí orí ẹ̀ ṣeé ṣí, torí inú ibẹ̀ ni wágọ́ọ̀nù fẹ́ràn láti yẹ̀ sí jù.