Ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí ìpè oníjìbìtì bá já yín láyà

Ẹni tó pè yín, tó ní láti báńkì lòun ti ń pè, pé wọn yóò ti àkáǹtì yín pa kí ilẹ̀ tó ṣú bí ẹ kò bá ka nọ́ńbà OTP (nọ́ńbà àṣírí ìlò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun, kò nílò kí ẹ gba òun gbọ́ tán. Ohun tó ń wá ni pé kí àyà yín já. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí ẹ̀rù bá ba ènìyàn, adrenaline, èròjà tí ara máa ń tú jáde nígbà ìpayà, yóò ti dà sínú ẹ̀jẹ̀, àyà yóò máa lù kìkì, ọwọ́ yóò máa gbọ̀n, ẹnu yóò sì gbẹ. Cortisol, èròjà ìpayà mìíràn tó ń tẹ̀ lé e, yóò máa pọ̀ sí i fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Ní gbogbo àkókò yìí, apá ọpọlọ tó wà níwájú orí, èyí tí a fi ń ro nǹkan síwá sẹ́yìn tí a sì fi ń kó ara wa níjàánu, kì í lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìdí nìyí tí ẹni tó gbọ́n dáadáa fi ń jìn sí ọ̀fìn wọn, kò sì tọ́ rárá kí a máa pè é ní òmùgọ̀.

Nítorí náà, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì sọ pé ẹ fẹ́ dán an wò, torí ó lè mọ orúkọ yín ní kíkún, kó tún mọ BVN yín pàápàá. Ẹ gé ìpè náà. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀, ẹ dìde, kí ẹ máa mí díẹ̀díẹ̀, kí èémí tó ń jáde sì pẹ́ ju èyí tó ń wọlé lọ, nítorí ó máa ń mú kí àyà rọlẹ̀. Nígbà tí ara bá ti balẹ̀, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín.

Ọjọ́ tí ọkàn balẹ̀ ló yẹ kí ẹ ti ṣe ìpinnu yìí. Ẹ jọ fohùn ṣọ̀kan nínú ilé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ka OTP tàbí PIN fún ẹnikẹ́ni, àti pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni ẹ ó máa fi dáhùn: “Mo ń bọ̀ ní báńkì fúnra mi.” Ẹ kọ ọ́ sára ìwé fún Màmá tó ń dá gbé.

Bí ẹ bá ti ka nọ́ńbà náà fún un ńkọ́? Ẹ má dúró kí ara balẹ̀ mọ́: ẹ tẹ kóòdù tí báńkì yín fi ń ti àkáǹtì pa lójú ẹsẹ̀. Ẹ ti kọ kóòdù náà sílẹ̀ láti òní, torí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí rẹ̀.