Bí Mo Ṣe Tún Sípíkà Quad Bàbá Mi Ṣe Nílé Wa ní Òkè-Bọ́lá

Àdìrẹ ni màmá mi fi bo àwọn sípíkà méjèèjì láti ọdún 2009 tí bàbá mi ti lọ. Pálọ̀ ni wọ́n wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n fara ti ògiri. Wọ́n fẹ̀, wọ́n pẹlẹbẹ, ẹsẹ̀ igi kúkurú ni wọ́n fi dúró, àwọ̀n irin aláwọ̀ idẹ sì bò wọ́n lójú. Ọwọ́ olùkọ́ òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ kúrò ní Yunifásítì Ìbàdàn ni bàbá mi ti rà wọ́n ní 1976.

Lásìkò òjò tó kọjá, ọkùnrin tó ń ra kọndẹ́ẹ̀mù ń polówó kiri àdúgbò, màmá sì pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ọkàn mi ò fẹ́ ẹ, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi òkú ẹ̀rọ ṣe?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi di ìgbà ọyẹ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi ọjọ́ gbọ́jọ́. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́ fún irú sípíkà yìí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ó máa ń ṣe dáadáa díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òjò bá sì ti dé, ó di ariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí láìmọ ìyẹn, ẹni tó bá tú u kò ní mọ ohun tó ń wá.

Peter Walker, ará ìlú Huntingdon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é. Ọdún 1957 ni Quad, ilé-iṣẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 1985. Kò ní mágínẹ́ẹ̀tì, kò ní kóònù bébà bíi ti sípíkà tí a mọ̀. Ọ̀rá kan ló ní, tó fẹ́lẹ́ ju ọ̀rá píọ̀wọ́tà lọ fíìfíì, tí wọ́n na láàárín pátákó oníhò méjì. Ẹ rántí kóòmù tí a fi ya irun lásìkò ọyẹ́, tó wá ń fa ègé bébà mọ́ra. Agbára yẹn náà ni. Wọ́n fún ọ̀rá náà ní iná gíga, nǹkan bíi 6,000 V fún èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, 1,500 V fún èyí tó ń gbé ohùn òkè. Orin wá ń gba inú pátákó méjèèjì kọjá: bí èyí ti ń fa ọ̀rá, ìkejì ń tì í. Sípíkà kọ̀ọ̀kan ní pánẹ́ẹ̀lì mẹ́ta, méjì fún ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀kan láàárín fún ohùn òkè. Nítorí pé ọ̀rá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìwúwo rárá, bí orin bá ní kó dúró, ó dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo sípíkà tí mo ti gbọ́ láyé mi.

Ti apá òsì kò ju kí ó máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ti apá ọ̀tún lóhùn, ṣùgbọ́n ó ń dá "tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀" sáàárín orin bí ẹni ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́.

Mo yọ wáyà wọn kúrò lára iná ní ọjọ́ Jímọ̀, n kò sì fọwọ́ kan nǹkan kan títí di àárọ̀ Sátidé. Ẹ má ṣe fi èyí ṣeré o. Sípíkà yìí lè máa kọrin lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára iná, torí iná gíga yẹn ṣì wà lára ọ̀rá. Nígbà tí mo ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, mo ṣì fi wáyà tí mo so rẹ̀sísítọ̀ mọ́, kí iná má baà tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fa gbogbo ìyókù iná náà sílẹ̀, ọwọ́ mi kan sì wà nínú àpò mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni èèpo ẹyin ọmọńlé, mẹ́rin, funfun báláú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiransifọ́mà. Mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí pánẹ́ẹ̀lì. Lójú pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, níwájú àti lẹ́yìn, ọ̀rá mìíràn wà tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ láti dènà eruku. Èyí tó wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì apá ọ̀tún ti ya, ihò náà tó èékánná àtàǹpàkò, eruku pupa Ìbàdàn sì ti gba ibẹ̀ wọlé, ó ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò wẹ́wẹ́ pátákó. Eruku gbígbẹ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rinrin òjò bá ti bá a, ó di ọ̀nà tí iná ń gbà jò, tó sì ń tàn pàrà. "Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀" tí mo ń gbọ́ nìyẹn.

Ti apá òsì, eruku kò wọ̀ ọ́ rárá, nítorí náà mo fura sí àpótí kékeré tó ń sọ iná ilé di iná gíga. Mítà tí gbogbo wa ń lò kò lè wọn 6,000 V, 1,000 V ni òpin èyí tó wà lọ́wọ́ mi. Mo wá rántí bàbá kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Mọ́kọ́lá láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé girama. Tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́yìn ńlá àtijọ́, iná gíga ni wọ́n ń lò nídìí gíláàsì wọn, àwọn tó ń tún wọn ṣe sì ní ọ̀pá ìwọ̀n tirẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Oo, káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo gbé wá yìí?"

"Sípíkà bàbá mi ni, sà. Ẹ̀rọ iná gíga rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wọ̀n."

Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ìda ni wọ́n fi di àwọn dáyóòdù (tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) àti kàpásítọ̀ (tó ń gba iná pamọ́) inú rẹ̀ pa, ìda náà sì ti sán káàkiri. Wọ́n wọ inú lọ, wọ́n mú ọ̀pá ìwọ̀n náà jáde nínú páálí, wọ́n nù ún. Wọ́n ní láti ìgbà tí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ti dé, kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè rẹ̀ mọ́. Iná ilé wà ní 228 V lọ́jọ́ náà. Àpótí apá ọ̀tún gbé 5,600 V jáde, ti apá òsì kò ju 2,300 V lọ.

Bàbá ní, "Ebi ló ń pa á."

A kò gbìyànjú láti yọ́ ìda kúrò. A to tuntun sórí ègé ike líle kan. Dáyóòdù 1N4007 kún inú ṣọ́ọ̀bù wọn, ṣùgbọ́n 1,000 V ni ẹyọ kan lè gbà, nítorí náà méjì-méjì la so pọ̀ sí ojú kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi tó wà ní Manchester ló ti bá mi fi kàpásítọ̀ tó lè gba 3,000 V ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí màá fi pààrọ̀ èyí tó ya. Ọ̀nà tí bàbá yìí gbà ń jó léèdì ni mo fẹ́ kí ẹ rí. Wọ́n jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan rí roboto, ó ń dán, bí ẹyin ẹja. Wọ́n ní ibi tó bá ṣe ṣóńṣó ni iná gíga ti máa ń jò jáde sínú afẹ́fẹ́. Ìgbà tí a tún wọ̀n ọ́n, ó di 5,900 V. Wọn kò gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, owó dáyóòdù nìkan ni wọ́n gbà.

N kò tú pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, torí ìṣó alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kàn án pa pọ̀ kò kéré, ọ̀rá inú rẹ̀ sì lè ya mọ́ ẹni lọ́wọ́. Búrọ́ọ̀ṣì àtíkè tuntun ni mo fi gbá eruku náà díẹ̀díẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀, tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń fi ẹ̀rọ afàdọ̀tí fà á lọ láti òkèèrè. Mo wá gbé pánẹ́ẹ̀lì sínú páálí fìríìjì, mo fi gílóòbù 60 W kan sí i, bí a ti ń ṣe fún òròmọdìyẹ, mo sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí ọ̀rinrin tán lára rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kó má gbóná jù. Bí ẹ bá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, kó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni.

Ọ̀rá adènà-eruku ló fún mi níṣòro. Mo nà án sórí férémù, mo fi téèpù olójú méjì lẹ̀ ẹ́, mo wá lọ yá dírayà lọ́wọ́ onídìrí ìtòsí wa láti fi ooru fà á le. Àkọ́kọ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́: mo gbé dírayà náà sí ojú kan, ọ̀rá náà sì lu, ihò náà ń fẹ̀ sí i lójú mi. Mo gé òmíràn. Èyí, láti igun ni mo ti bẹ̀rẹ̀, n kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwúnjọ ara rẹ̀ ń yọ́ lọ títí ó fi le dan-in bí awọ gángan. Mo fi ìka ta á, ó dún "pọ́n".

Ohun mìíràn tó yẹ kí n sọ ni ti ámúpù, ẹ̀rọ tó ń fún orin lágbára kó tó dé sípíkà. Ámúpù 15 W ni Quad fúnra wọn ń tà pọ̀ mọ́ sípíkà yìí nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀rọ òde àríyá. Bí ẹ bá fi agbára ńlá tẹ̀ ẹ́, iná á pàrà nínú pánẹ́ẹ̀lì àárín, á sì lu ọ̀rá, kò sì sí àtúnṣe kékeré fún ìyẹn. Mo fi kútẹ́ẹ̀sì pupa sàmì sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ yí ohùn kọjá. Ínfátà ni mo sì ń fi tan àwọn sípíkà náà, torí bí iná bá já wálẹ̀ sí 170 V nírọ̀lẹ́, 6,000 V yẹn náà á já wálẹ̀ sí nǹkan bíi 4,400 V, ohùn á sì rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí mo tò wọ́n padà sí ibi tí bàbá mi gbé wọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo tan àwo sákárà kan. Ó dún, àmọ́ inú mi kò dùn. Ohùn akọrin rú pọ̀ mọ́ ti ìlù, bí ẹni ń gbọ́ wọn láti inú balùwẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ gan-an wà nìyí, ó sì gbà mí ní ọjọ́ mẹ́rin. Sípíkà yìí kò ní àpótí tó dé e lẹ́yìn bíi ti àwọn sípíkà yòókù. Bí ohùn ti ń jáde níwájú ló ń jáde lẹ́yìn, bákan náà. Èyí tó jáde lẹ́yìn á lọ kọ lu ògiri, á sì padà wá bá ti iwájú. Bí ògiri bá súnmọ́, méjèèjì á dé etí pọ̀, wọ́n á sì ba ara wọn jẹ́. Bí sípíkà bá jìnnà sí ògiri tó mítà kan, ohùn ẹ̀yìn ní láti rin mítà méjì sí i, á fi nǹkan bíi ìdá mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́ lẹ́yìn, etí á sì lè ya wọ́n sọ́tọ̀. Mo ń fà wọ́n síwájú ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, mo ń jókòó, mo ń gbọ́. Mítà kan àti ààbọ̀ ni mo dúró sí. Ó jẹ ìdámẹ́rin pálọ̀ wa, màmá kò sì jiyàn.

Ẹ̀gbẹ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀ ní wàhálà. Mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi máa rìn yí sípíkà kan ká nígbà tí orin ń lọ. Ó dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó dúró, ó pariwo pé, "Bọ̀dá, ó dákẹ́ níbí!" Òótọ́ ni. Ohùn iwájú àti ti ẹ̀yìn ń pa ara wọn níbẹ̀, nítorí náà sípíkà lè súnmọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́ láìsí ewu.

Fèrèsé gíláàsì pelebe-pelebe ló wà lẹ́yìn wọn. Bí mo bá ṣí i sílẹ̀ gbayawu, ohùn ẹ̀yìn ń jáde lọ síta, kò padà mọ́, orin sì ń mọ́ lọ́nà tó yà mí lẹ́nu. Àmọ́ eruku àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ń wọlé. Mo tì í, mo wá gbé ṣẹ́ẹ̀fù ìwé bàbá mi síbẹ̀, tí ìwé ńlá àti kékeré tó wà nínú rẹ̀ kò tẹ́jú, kí ohùn lè fọ́n káàkiri dípò kó padà ní tààrà. Gíláàsì kan ń gbọ̀n nígbàkigbà tí ìlù ńlá bá dún, mo gé rọ́bà inú táyà kékeré sí ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀ wa tẹ̀rásò ni, nítorí náà mo tẹ́ ẹní méjì sí àárín sípíkà àti àga.

Káfíńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò fi ègé ìrókò kan àpótí tó ga ní 35 sẹ̀ǹtímítà fún wọn, torí ohùn òkè wọn tóóró bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì. Bí wọ́n bá wà nílẹ̀, orúnkún ni wọ́n ń kọrin fún. Mo so okùn láti àárín sípíkà kọ̀ọ̀kan dé orí àga màmá, mo fi wọ́n wé ara wọn títí méjèèjì fi gùn dọ́gba, mo wá yí ojú wọn díẹ̀ sí àga náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jókòó síbi tó dára jù, mo sì ti mọ ẹni náà látìbẹ̀rẹ̀.

Mo tún tan àwo sákárà náà. Gòjé wọlé, mo ń gbọ́ bí irun ọ̀pá rẹ̀ ti ń họ okùn. Màmá di ọwọ́ àga mú.

"Ó mí," ni wọ́n wí.

"Ta ni, Màmá?"

"Akọrin náà ni. Kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ki bàbá yẹn, ó mí sínú. Ìwọ ò gbọ́ ọ ni?"

Mo gbé abẹ́rẹ́ padà sẹ́yìn, mo sì gbọ́ ọ.

Tí ọyẹ́ bá mú gan-an, mo máa ń yọ wọ́n lára iná bí a kò bá lò wọ́n, torí iná ara wọn ń fa eruku mọ́ra, màmá á sì fi àdìrẹ wọn bò wọ́n. Pánẹ́ẹ̀lì ohùn ìsàlẹ̀ kan nínú ti apá ọ̀tún ṣì ń pẹ́ kó tó jí. Tí mo bá tan iná, ó ń gbà á tó ogún ìṣẹ́jú kó tó bá ìkejì dọ́gba. Ìyẹn ni màá tú ìṣó rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mo ti bẹ bàbá Mọ́kọ́lá, wọ́n sì ti ní àwọn á wá.