Bí mo ṣe ń tọ́jú bátìrì mọ́tò bàbá mi tí kì í jáde púpọ̀

Bàbá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ wa mọ́tò wọn mọ́. Bí kì í bá ṣe ọjọ́ Ìsinmi tàbí òde ìnáwó, inú ọgbà l'Ábẹ́òkúta ló ń wà. Ó wá di pé ó ń sítáàtì tìkọ̀tìkọ̀, rewáyà sì ní ká ra bátìrì tuntun. Mo bẹ bàbá pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi mítà wò ó, torí owó bátìrì kì í ṣe owó kékeré.

Mo jẹ́ kí mọ́tò sùn mọ́jú láìtàn án, torí bátìrì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iná máa ń gbé iye tó ju òtítọ́ lọ jáde. Láàárọ̀, mítà ka fóòtì 12.1. Èyí tó kún dáadáa yẹ kó wà ní 12.6 sókè, 12.4, ó ku bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2, ó ku ààbọ̀. Mo tan ẹ́ńjìnnì, ó gòkè dé 14.2, ìyẹn ni pé alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kò ní ẹ̀bi kankan.

Bàbá máa ń tan mọ́tò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láràárọ̀ kó lè gba iná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó: bátìrì tó ti lọ sílẹ̀ nílò ọ̀pọ̀ wákàtí.

Mo kọ́kọ́ tú orí bátìrì tó ní àmì ìyọkúrò (-), kí sípánà má baà tanná bó bá kan ara mọ́tò. Mo fi omi gbígbóná fọ ìyẹ̀fun funfun tó dì mọ́ àwọn orí náà. Ìta gbangba ni mo gbé bátìrì náà sí, torí gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ lè gbiná. Mo so ṣájà mọ́ ọn kí n tó ki í bọ iná. Ṣájà ámpíà 4 ni, bátìrì náà sì jẹ́ ámpíà-wákàtí (Ah) 60, nítorí náà ó gbà ju wákàtí mẹ́sàn-án lọ. Iná ń lọ, ó ń bọ̀, àmọ́ ó kún. Lọ́jọ́ kejì, 12.7.

Ó wá ku ohun tó ń jẹ iná lábẹ́lẹ̀. Mo fi mítà sáàárín orí ìyọkúrò àti waya rẹ̀, mo ti gbogbo ilẹ̀kùn, mo dúró díẹ̀. (Ẹ má ṣe sítáàtì mọ́tò nígbà tí mítà bá wà níbẹ̀, á jó.) Mílíámpíà 90! Kò yẹ kó ju 50 lọ. Bí 90 bá ń lọ tọ̀sán-tòru, ọ̀sẹ̀ méjì péré, ààbọ̀ bátìrì 60 ti lọ. Mo ń yọ fíùsì lọ́kọ̀ọ̀kan títí mo fi kan ti rédíò, ó já sí 25 lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n ti so rédíò náà mọ́ bátìrì tààrà. Rewáyà tún waya rẹ̀ ṣe, kọ́kọ́rọ́ ló ń tan án báyìí.

Bí bàbá bá jáde, mo máa ń rọ̀ wọ́n kí wọ́n gba títì Ṣàgámù lọ díẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé. Bí wọ́n bá rìnrìn àjò, mo máa ń tú orí ìyọkúrò sílẹ̀. Bó bá sì ti já sí 12.4, ó di ẹnu ṣájà, torí bátìrì tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ ibẹ̀, nǹkan funfun á dì mọ́ òjé inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná kún mọ́.