Bí a ṣe lè padà máa ka ìtàn fún ìgbádùn, láìsí ẹni tó ń lé wa

Ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé ọjọ́ tí a ti jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò la ti fi ìwé ìtàn sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìtàn ò dùn. Kò sí èyí tí wọ́n fún wa kà nílé ìwé tí ìbéèrè ò wà nídìí rẹ̀: ta ni olú ẹ̀dá ìtàn? Ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Nígbà tó yá, bí èèyàn bá ti ṣí ìwé báyìí, ọkàn rẹ̀ á ti máa wá ìdáhùn kiri. Ìyẹn gan-an la fẹ́ mú kúrò.

Ẹ kọ́kọ́ gbé báírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ má fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ má sì máa wo iye ojú ìwé tó kù. Àwọn kan máa ń ka iye ìwé tí wọ́n kà tán lọ́dún, wọ́n á sì máa fi yangàn. Ó dáa fún wọn, àmọ́ ìdánwò nìyẹn náà. Àwọn fúnra wọn ló gbé e kalẹ̀.

Ìwé wo wá ni ká kà? Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀, torí ìwé tí wọ́n bá sọ pé ó yẹ kí ọ̀mọ̀wé ti kà ni wọ́n ń lọ gbé. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Bó bá jẹ́ fíìmù olè àti ọlọ́pàá lẹ fẹ́ràn, ẹ wá Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ lọ́dún 1969. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, tó wá ń tọpa ọ̀daràn, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ tètè sùn. Bó bá jẹ́ iwin àti igbó kìjikìji, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ ti wà níbẹ̀ láti 1938. Ìwé ìfẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ náà kì í ṣe èèwọ̀. Bẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ń pàtẹ ìwé àlòkù sí lẹ́bàá títì, bíi Yábàá l'Ékòó, ẹ ka ojú ìwé àkọ́kọ́ lórí ìdúró. Bẹ́ ẹ bá ṣí èkejì láìmọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná an.

Ìwé àtijọ́ ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ ó bá “aiye”, “enia” àti “nwọn” pàdé níbẹ̀, nítorí ọdún 1974 ni ìjọba tó fọwọ́ sí àkọtọ́, ìyẹn ìlànà bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀, tí à ń lò lónìí. Mo ti rí ẹni tó torí èyí pa ìwé dé, tó ní Yorùbá òun ò jinlẹ̀ tó. Irọ́ ni. Ẹ kà á sókè, jẹ́jẹ́; bí ẹnu bá ti pe “enia”, etí á mọ̀ pé èèyàn ló ń wí. Fágúnwà gan-an ni kíkà sókè yẹ jù. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, a máa to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀ bí ẹni ń kéde láàárín ọjà. Á rẹ ẹni tó bá fi ojú lásán kà á. Ẹni tó fi ẹnu kà á ni ẹ ó máa gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ ní yàrá. Ọ̀rọ̀ tẹ́ ò bá mọ̀, ẹ fò ó. Ìwé atúmọ̀ èdè ò sá lọ.

Ní ti àsìkò, ẹ má wá wákàtí kan gbáko, ẹ ò ní rí i. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ tó, ìlà báńkì tó, ìgbà tí ẹ̀wà wà lórí iná náà tó. Bó bá jẹ́ orí fóònù lẹ ti ń kà á, ẹ pa dátà. (Ẹni tí kò bá lè pa á, kó yáa ra ti bébà.)

Kẹ́ ẹ sì máa dá ìwé dúró níbi tó bá ti dùn jù. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bíi lẹ́tà tí obìnrin náà fúnra rẹ̀ ń kọ. Àwọn òǹkàwé á máa retí èyí tó kàn, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ẹni gidi ni Sẹ̀gilọlá. A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Bí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn nínú ìtàn, tí a ò tíì mọ ẹni tó wà níta, ẹ pa ìwé dé níbẹ̀. Ọ̀la ò ní tètè mọ́ lójú yín.

Bí kò bá wá dùn ńkọ́? Ẹ gbé e fún ẹlòmíì. Owó tẹ́ ẹ fi rà á ti lọ. Ẹ má tún fi àsìkò lé e.

Bí ọmọdé bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi í ní ẹ̀kọ́ tó rí kọ́.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá sì kọjá tẹ́ ò ṣí ìwé náà, ẹ má padà sí ìbẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ló ti ń sú èèyàn. Ẹ ka bí ìpínrọ̀ méjì tó ṣáájú ibi tẹ́ ẹ dúró sí, kẹ́ ẹ sì máa bá ìtàn lọ. Bẹ́ ẹ bá ti gbàgbé orúkọ àbúrò ọba, òǹkọ̀wé á tún pè é.