Bí a ṣe ń to nẹ́tíwọ́ọ̀kì dátà sẹ́ńtà ńlá láìná ìnákúnàá

Má ra switch (ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀) gìrìwò kan kó o wá gbé gbogbo iṣẹ́ lé e lórí: bó bá dákú, gbogbo rẹ̀ dákú nìyẹn. Kéékèèké tó jọra ni kó o rà, kó o tò wọ́n ní ìpele méjì. Leaf wà nísàlẹ̀, òun ni sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, so mọ́. Spine wà lókè. Okùn kan láti leaf kọ̀ọ̀kan sí spine kọ̀ọ̀kan. Leaf kì í so mọ́ leaf.

Ṣírò kó o tó náwó. Leaf oníhò 48, tí ihò kọ̀ọ̀kan jẹ́ 25G (gígábíìtì 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), ń gba 1,200G. Bí okùn 100G mẹ́fà bá gòkè lọ sí spine, 600G nìyẹn, 2:1: ohun tó lè wọlé látọ̀dọ̀ sáfà jẹ́ ìlọ́po méjì ohun tó lè gòkè. Ó tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́, àmọ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ́ AI lẹ́kọ̀ọ́, 1:1 ni mo fara mọ́. Spine mẹ́fà oníhò 32 máa gba leaf 32, ìyẹn sáfà 1,536. Bí spine kan bá kú, ìdá kan nínú mẹ́fà agbára tó ń gòkè péré ló lọ.

Optics, ìyẹn ohun tó ń sọ àmì iná mànàmáná di ìmọ́lẹ̀ fún okùn fáíbà, máa ń jẹ owó gan-an. Nínú rack (àgbékà tí wọ́n ń to ẹ̀rọ sí), bí kò bá ju mítà 3 lọ, okùn bàbà DAC, tí kò nílò optics, ti tó.

Bí ping (ìsọfúnni tá a fi ń dán ìsopọ̀ wò) kékeré bá ń kọjá, tí fáìlì ńlá ń há, yẹ MTU (ìwọ̀n dátà tó pọ̀ jù tó lè kọjá lẹ́ẹ̀kan, ní báìtì) wò: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 9000 lápá kan, 1500 lápá kejì.