Ẹ̀yin tọkọtaya tó fẹ́ háyà mọ́tò ní Japan, ẹ rọra

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni èmi àti ọkọ mi ti lọ Japan láti London tí à ń gbé. Ìyẹn ló sọ mí di ẹni tí gbogbo ìjọ ń da ìbéèrè bò lẹ́yìn ìsìn. Lóṣù tó kọjá nìkan, tọkọtaya mẹ́ta ló gbé ètò ìrìnàjò wọn wá bá mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn á háyà mọ́tò ní pápákọ̀ òfurufú, àwọn á wà á wọ àárín Tokyo. Mo káwọ́ lérí. Ẹ jẹ́ n tú u sílẹ̀ síbí kí àyà mi fúyẹ́.

Èkíní, ìwé awakọ̀. Láísẹ́ǹsì ìlú ọba nìkan ò tó. IDP, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwakọ̀ nílẹ̀ òkèèrè, ni wọ́n ń bèèrè, èyí tó wà lábẹ́ àdéhùn ọdún 1949, kì í ṣe ti 1968. Ní ṣọ́ọ̀bù PayPoint la ti ra tiwa ní £5.50, ọdún kan ló sì ń lò. Ẹ má gbé èyí tí kì í ṣe òun dé iwájú káńtà o. Ará Japan ò ní pariwo mọ́ yín. Wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á tọrọ àforíjì, wọn ò sì ní fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Èkejì, ẹ yẹra fún Golden Week, ọ̀wọ́ ọjọ́ ìsinmi wọn láti ìparí oṣù kẹrin wọ ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún. Gbogbo ìlú ló ń wọ márosẹ̀ lásìkò náà.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: kí lẹ fẹ́ fi mọ́tò ṣe ní Tokyo? Ọkọ̀ ojú irin Yamanote ń yí àárín ìlú po, ibùdókọ̀ 30 ló ní, ẹ ò tíì ní tún bàtà yín so tí òmíràn á fi dé. Ṣùgbọ́n n ò lè fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, torí èmi gan-an ló ní ká wà á lọ́jọ́sí. A lọ wo tẹ́ḿpìlì Senso-ji ní Asakusa, a gbé mọ́tò sí páàkì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbowó. Pátákó kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà kún inú rẹ̀. A rí 1,500 yen, ayọ̀ wa kún, a rò pé owó gbogbo ọjọ́ ni. Àṣé ti òru ni! Ti ọ̀sán, gbogbo ìṣẹ́jú 20 ló ń gorí ara wọn. Nígbà tá a padà dé, irin pẹlẹbẹ kan ti dìde sábẹ́ ikùn mọ́tò, kò ní wálẹ̀ àfi téèyàn bá sanwó. Ẹ̀rọ náà ò gba 10,000 yen, ìyẹn nìkan ló sì wà lọ́wọ́ wa. Olówó orí mi bá sáré lọ ra ìrẹsì rọ̀gbọ̀dọ̀ tí wọ́n ń pè ní onigiri, kó lè rí ṣéńjì. Kó tó dé, ìṣẹ́jú 20 mìíràn ti pé, owó ti lé sí i. Ó wò mí, mo wojú ọ̀run.

Bó ṣe yẹ kẹ́ ẹ ṣe é rèé. Ẹ fi ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin rin Tokyo tán. Ẹ wá wọ shinkansen, ọkọ̀ ojú irin ayára-bí-àṣá wọn, dé Odawara, kò tó ìṣẹ́jú 40, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti háyà mọ́tò lọ Hakone àti Izu. Ẹ dá a padà síbẹ̀ náà, torí bẹ́ ẹ bá já a sí ìlú mìíràn, ẹ máa sanwó lórí ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ ojú irin dé Kyoto. Ẹ má gbé mọ́tò dé Kyoto! Ẹ jí lọ ojúbọ Fushimi Inari níbẹ̀ ní ìdájí, wọn kì í tì í tọ̀sán tòru.

JR Pass ńkọ́, tíkẹ́ẹ̀tì tí àlejò fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin JR káàkiri Japan? Ní oṣù kẹwàá 2023 ni ti ọjọ́ méje fò láti 29,650 dé 50,000 yen. Tokyo sí Kyoto ò tó 15,000 ní àlọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ gba káàdì ETC, èyí tí wọ́n fi ń san owó ojú ọ̀nà márosẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó háyà mọ́tò fún yín.

Bí awakọ̀ bá ti mutí ní Japan, ẹni tó mọ̀ tó sì ní kó gbé òun, òun náà jẹ̀bi.

Ẹ̀kẹrin tàbí ẹ̀kẹfà, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́, epo. Lọ́dọ̀ wa ní London, rọ́bà aláwọ̀ ewé ni ti bẹntiróò. Ní Japan, díísù ni! Pupa ni kẹ́ ẹ dì mú. Ọ̀rọ̀ tún wá burú nítorí pé mọ́tò kékeré tí wọ́n ń pè ní kei àti díísù tí wọ́n ń pè ní keiyu, àmì ìkọ̀wé kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ àwọn méjèèjì. Ọkọ mi ti ki ẹnu rọ́bà aláwọ̀ ewé bọ ihò kí bàbá arúgbó ilé epo náà tó sáré jáde, tó ń pariwo “dame! dame!” A ò gbédè, ṣùgbọ́n a gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì sanwó ryokan, ilé àlejò ìbílẹ̀ wọn, pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, ẹ tètè dé. Ọ̀nà orí òkè Hakone ò ṣeé sáré. Aago mẹ́jọ la dé lọ́dún yẹn, wọ́n ti palẹ̀ oúnjẹ mọ́, owó wa sì ti wọlé. Núúdù inú ike la jẹ, tàwa ti yukata, aṣọ ìwọ̀lẹ̀ tí wọ́n ń fún àlejò, lọ́rùn. Títí dòní lọkọ mi ń sọ pé kò sóhun tó dùn tó o ní gbogbo Japan. Irọ́ ló ń pa, ó kàn ń wá àlàáfíà ni.